Ìtọ́jú Oníbàárà Nígbà Tí A Bá Ń Ra Aago Ọwọ́ Olówó Iyebíye: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Béèrè, Kí Ẹ Wò, Kí Ẹ sì Gbà ní Kíkọ Sílẹ̀

Aago ọwọ́ tó níye lórí, pàápàá èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìlo bátìrì, kò ní ṣàìpadà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á tàbí iléeṣẹ́ tó ṣe é láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Òróró inú ẹ̀rọ rẹ̀ á gbẹ, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé á gbó, ọwọ́ rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yára tàbí kó máa fà sẹ́yìn. Nítorí náà, bí ilé ìtajà ṣe ń ṣe sí oníbàárà lẹ́yìn tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè nípa rẹ̀. Wọ́n á fi odidi wákàtí kan wo àwọ̀ ojú aago, wọn ò ní fi ìṣẹ́jú márùn-ún béèrè ẹni tí yóò tún un ṣe bó bá dákẹ́.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yẹn rí. Aago kan tí mo rà dákẹ́ ní oṣù keje. Nígbà tí mo gbé e padà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí káńtà yí káàdì wáráńtì síwá sẹ́yìn, ó ní wọn kò kọ ọjọ́ tí mo rà á sí i. Bẹ́ẹ̀ ilé ìtajà yẹn kan náà ló yẹ kó kọ ọ́! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá rìsíìtì kí wọ́n tó gbà pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti rà á. Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà, àti èyí tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà wá, ni mo tò sísàlẹ̀ yìí ní ìgbésẹ̀ ní ìgbésẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú ẹni tí ẹ fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni irú aago bẹ́ẹ̀ máa ń gbà dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Èkíní ni aṣojú tí iléeṣẹ́ tó ṣe aago náà fọwọ́ sí. Èkejì ni alágbàtà tí kò ní àdéhùn kankan pẹ̀lú iléeṣẹ́, tó ń kó ojúlówó ọjà jọ láti ibi tó bá ti rí i, tó sì ń tún un tà, nígbà mìíràn ní iye tó dín sí ti aṣojú, nígbà mìíràn ní iye tó fi ìlọ́po jù ú lọ. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń ta àlòkù. Kò sí èyí tó jẹ́ èèwọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí ẹ lè retí lọ́wọ́ wọn kò dọ́gba.

Lọ́dọ̀ aṣojú, wáráńtì iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ẹ ó gbà, ìyẹn ìwé tí iléeṣẹ́ fi ṣe onídùúró ọjà rẹ̀. Ọdún 5 ni iléeṣẹ́ Rolex ń fún aago tuntun, ọdún 5 náà ni iléeṣẹ́ Omega ń fún un. Iléeṣẹ́ Cartier ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún 2, èyí tí oníbàárà lè mú gùn títí dé ọdún 8 bí ó bá forúkọ aago rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Cartier Care. Ọjọ́ tí aṣojú bá kọ sórí káàdì ni wọ́n ti ń ka ọdún wọ̀nyí. Bí alágbàtà bá wá ti ra aago náà lọ́wọ́ aṣojú ní ọdún kan àbọ̀ sẹ́yìn, ọdún kan àbọ̀ ti lọ nínú wáráńtì kí ẹ tó fi aago sọ́wọ́. Alágbàtà mìíràn á ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, àwa fúnra wa la ó fún yín ní wáráńtì.” Ìyẹn kò burú, àmọ́ wáráńtì ti ilé ìtajà kan kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá kógbá sílé, ó ti bá wọn lọ nìyẹn.

Láti mọ̀ bóyá ẹnì kan jẹ́ aṣojú lóòótọ́, ẹ lọ sí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe aago náà, níbi tí wọ́n to orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn aṣojú wọn sí. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ orúkọ ìkànnì náà. Ẹ má gba ibi líǹkì tí olùtajà fi ránṣẹ́ sí yín lọ, nítorí ẹni tó lè ṣe ayédèrú aago lè ṣe ayédèrú ìkànnì pẹ̀lú.

Ní ti àlòkù, Rolex bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, nínú èyí tí àwọn aṣojú kan ti ń ta àlòkù tí iléeṣẹ́ náà ti yẹ̀ wò tó sì jẹ́rìí sí, pẹ̀lú wáráńtì ọdún 2. Bí aago tí ẹ fẹ́ kò bá sí lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtajà pé ta ló tú u kẹ́yìn, ìgbà wo ni, kí ni wọ́n sì pààrọ̀ nínú rẹ̀. Patek Philippe, iléeṣẹ́ aago tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1839, máa ń yọ ìwé jáde láti inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún àwọn aago rẹ̀ tó ti pẹ́, ìwé tó ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe aago náà àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tà á. Iléeṣẹ́ kan tún wà ní London tó ń jẹ́ The Watch Register, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nọ́ńbà àwọn aago tí wọ́n jí tàbí tó sọnù. Olùtajà tí ọkàn rẹ̀ mọ́ kò ní bínú bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ fi nọ́ńbà aago náà wádìí níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bó bá bínú, ó ti dá yín lóhùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi ìbéèrè dán ẹni tó ń tajà wò

Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò tẹ́ aṣọ múlọ́múlọ́ sórí káńtà tàbí kó gbé àwo tí wọ́n fi aṣọ bò wá, yóò fi aago lé e, yóò sì ṣí ìdè ẹ̀wọ̀n rẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó gbé e fún yín, kí ìdè náà má baà họ ẹ̀yìn aago. Yóò béèrè ọwọ́ tí ẹ máa ń so aago mọ́, bóyá ẹ máa ń lúwẹ̀ẹ́, bóyá iṣẹ́ yín ń mú yín súnmọ́ ẹ̀rọ tó ní òòfà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò fi ọwọ́ kan mú aago náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù, yóò sì sọ fún yín pé gbajúmọ̀ báyìí ló ń wọ irú rẹ̀. Ohun tí gbajúmọ̀ ń wọ̀ kò kàn yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè ohun tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti omi. Bí wọ́n bá kọ 30 mítà sára aago, ẹ béèrè bóyá ẹ lè fi lúwẹ̀ẹ́. Olùtajà tó bá ní ẹ lè fi wọ odò jìn tó 30 mítà kò mọ ohun tó ń tà. Agbára tí wọ́n fi dán aago náà wò nínú yàrá àyẹ̀wò, níbi tí aago wà lójú kan, ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Àwọn oníṣẹ́ aago kì í gbà kí èèyàn fi 30 mítà ṣe ju kí omi ta sí i lára tàbí kó fọwọ́. Ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, 100 mítà ni wọ́n sábà máa ń sọ pé kó wá, aago tí wọ́n bá sì fẹ́ pè ní ti òmùwẹ̀ lábẹ́ òfin ìwọ̀n àgbáyé tó ń jẹ́ ISO 6425 kò gbọ́dọ̀ dín sí 100 mítà. Olùtajà tó dára yóò tún fi kún un, láìjẹ́ pé ẹ bi í, pé rọ́bà inú aago ń gbó, àti pé ó yẹ kí wọ́n máa dán an wò látìgbà dégbà.

Ìbéèrè kejì ni ti bí aago náà ṣe péye tó. COSC, àjọ tó ń yẹ aago wò ní Swítsàlandì, máa ń fi ọjọ́ 15 dán ẹ̀rọ aago wò ní ìdúró 5 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nínú òtútù àti ooru ìwọ̀n 8, 23 àti 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ń gbà kí ẹ̀rọ náà máa fà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá 4 tàbí kó máa yára ní ìṣẹ́jú àáyá 6 lójúmọ́ kó tó fọwọ́ sí i. Rolex ní ti aago tirẹ̀ kò ní fi ju ìṣẹ́jú àáyá 2 yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí olùtajà bá wá ń búra pé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní yẹ̀ rárá, ẹ mọ̀ pé ẹnu ló fi ń tajà. Òtítọ́ kan tí wọn kì í fẹ́ sọ ni pé aago oníbátìrì tí owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sábà máa ń péye ju aago ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ tó kọ́ ilé lọ. Iṣẹ́ ọwọ́, ẹwà àti ọjọ́ orí ni èèyàn ń rà nínú èyí ẹ̀yìn.

Ìbéèrè kẹta ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: “Bó bá bàjẹ́, níbo ni yóò lọ?” Àwọn ilé ìtajà kan ní alátúnṣe lẹ́yìn ilé, àwọn mìíràn ń fi í ránṣẹ́ sí ibùdó àtúnṣe ìlú mìíràn, ti àwọn aago kan sì lè jẹ́ Swítsàlandì tààrà. Ẹ béèrè iye ọ̀sẹ̀ tó máa ń gbà, ẹni tí yóò san owó ìfiránṣẹ́, ẹni tó ni ẹ̀bi bó bá sọnù lọ́nà, iye tí wọ́n ń gbà báyìí láti tú irú aago náà fọ̀ pátápátá, àti ohun tó lè mú kí wáráńtì di asán. Lórí èyí tó gbẹ̀yìn, ìdáhùn tó sábà máa ń jẹ́ òótọ́ ni pé bí alátúnṣe tí iléeṣẹ́ kò mọ̀ bá ti ṣí ẹ̀yìn aago náà, ọ̀rọ̀ wáráńtì ti parí, ìbáà jẹ́ pé ohun kékeré ló fẹ́ ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí wọ́n bá ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀

Àwọn aago kan wà tí àwọn tó ń wá wọn pọ̀ ju èyí tí iléeṣẹ́ ń ṣe lọ. Ẹ óò rí wọn nínú gíláàsì, wọ́n á ní ti ìfihàn ni, kì í ṣe títà, ẹ forúkọ sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí yìí kì í ṣe ìlà tí ẹni tó kọ́kọ́ dé ń kọ́kọ́ gbà. Ẹni tí olùtajà bá fẹ́ ló ń fún, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ju kí inú máa bí yín lọ. Ẹ sọ irú aago kan tàbí méjì péré tí ẹ fẹ́, pẹ̀lú ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Ẹ gba orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn, kí ẹ sì máa yà kí i tàbí kí ẹ kọ̀wé sí i ní oṣù méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àwọn kan á fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ pé bí ẹ bá ra ẹ̀gbà ọrùn yìí àti aago tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ọ̀nà yóò là. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi ẹ̀rín béèrè pé kí wọ́n kọ àdéhùn yẹn sínú ìmèèlì fún mi. Mi ò tíì rí ẹni tó kọ ọ́. Bí wọ́n bá sì béèrè owó àsansílẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀ láìsí ìwé tó sọ bóyá owó náà ṣeé gbà padà, láàárín ọjọ́ mélòó, àti bóyá iye tí ẹ fẹnu kò sí lónìí ni ẹ ó san lọ́jọ́ tí aago bá dé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yẹ aago náà wò fínnífínní kí ẹ tó sanwó

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú níbí. Ẹ ní kí wọ́n yá yín ní dígí tí àwọn oníṣẹ́ aago fi ń wo nǹkan kékeré, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi nọ́ńbà tó wà lára aago wé èyí tó wà lórí káàdì, lẹ́tà kan sí òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fa kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síta, kí ẹ yí ọwọ́ aago lọ síwájú títí ọjọ́ yóò fi yí, kí ẹ wò bóyá nítòsí agogo méjìlá ló yí. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ìgbà tó jẹ́ òru lójú aago náà, ìyẹn sì ṣe pàtàkì, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ aago ẹ̀rọ, ẹni tó bá fi kókó yí ọjọ́ ní kíákíá nígbà tí ọwọ́ aago wà láàárín nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́ta òru lè ṣẹ́ eyín inú rẹ̀. Olùtajà tó bá kì yín nílọ̀ nípa èyí láìjẹ́ pé ẹ béèrè, ẹ fọwọ́ mú un.

Bó bá jẹ́ aago tó ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń ka àkókò eré ìje, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó sáré fún ìṣẹ́jú kan, ẹ dá a dúró, ẹ sì dá a padà: ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ dúró sórí 12 gan-an, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti òmùwẹ̀, òrùka tó yí ojú rẹ̀ ká gbọ́dọ̀ máa lọ sí apá kan ṣoṣo, kó máa dún “kẹ, kẹ, kẹ”, kó má sì mì nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí wọ́n bá ń gé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ mọ́ ọwọ́ yín, ẹ dúró tì wọ́n. Mo ti rí olùtajà kan tó yọ oríkèé méjì kúrò ní apá kan ẹ̀wọ̀n nìkan, torí pé apá yẹn ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti dé. Nígbà tí oníbàárà so ó mọ́ ọwọ́, ìdè rẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ dípò kó wà ní àárín lábẹ́, ojú aago sì ń yí kúrò lórí ọrùn ọwọ́ ní gbogbo ìgbà. Arákùnrin náà rò pé aago ló wúwo jù. Ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́ ní apá méjèèjì ìdè náà títí yóò fi jókòó sí àárín, kí wọ́n lo irinṣẹ́ tó bá nọ́ọ̀tì kékeré rẹ̀ mu kí orí nọ́ọ̀tì náà má baà họ, kí wọ́n sì kó gbogbo oríkèé tí wọ́n yọ sínú ọ̀rá kékeré fún yín. Ẹ kà wọ́n. Oríkèé kan ti ojúlówó ẹ̀wọ̀n wọ́n púpọ̀ láti rà, ẹni tó bá sì fẹ́ tún aago náà tà lẹ́yìn ọ̀la, òǹrajà yóò béèrè wọn. Láti mọ̀ bóyá aago náà tọ́ sí ọwọ́ yín, ẹ so ó, ẹ na ọwọ́ sísàlẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Ọwọ́ máa ń wú nígbà ooru, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó fún un pinpin.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Owó àti ìwé

Ẹ san owó lọ́nà tó ń fi ipa sílẹ̀, bíi káàdì tàbí láti báńkì sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé ìtajà náà gan-an. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnì kan pàtó, ẹ dúró ná.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá káàdì wáráńtì ní ọjọ́ tí ẹ rà á àti orúkọ tàbí òǹtẹ̀ aṣojú, bóyá wọ́n ti fi í sẹ́nu iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ bó bá jẹ́ irú káàdì tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, àti bóyá rìsíìtì kọ orúkọ yín, irú aago náà, nọ́ńbà rẹ̀ àti iye tí ẹ san. Rìsíìtì tó kàn kọ “aago ọwọ́ kan” kò lè gbè yín lọ́jọ́ ọ̀ràn. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ìmèèlì ara yín. Bí olùtajà bá ti ṣèlérí ohunkóhun lẹ́nu, ìbáà ṣe àyẹ̀wò omi lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún tó ń bọ̀ tàbí okùn aláwọ ẹranko kan lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ní kó kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì kó sì fọwọ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti rà á

Ẹ ka ìlànà ìdápadà wọn kí ẹ tó sanwó. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin fún ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ ilé ìtajà láìfojúkojú ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà láìsọ ìdí. Níbòmíràn, ohun tí ilé ìtajà bá kọ sílẹ̀ ló lè dá ọ̀rọ̀ náà lẹ́bi tàbí láre. Ẹ rí i pé ìdójútòfò orí ẹrù náà tó iye owó aago. Nígbà tó bá dé, ẹ ya fídíò láti orí àpótí tó ṣì wà ní títì títí dé orí nọ́ńbà ara aago, kí ẹ má sì bọ́ ọ̀rá tó bò ó tàbí gé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ títí ọkàn yín yóò fi balẹ̀ pé ẹ kò ní dá a padà.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ẹ ṣe lè gbé ẹjọ́ aago tí kò péye lọ

Ọjọ́ kan ní ìṣẹ́jú àáyá 86,400, ọ̀pọ̀ aago ẹ̀rọ òde òní sì ń lù ní ìgbà 28,800 láàárín wákàtí kan, ìyẹn ìgbà 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bó bá fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹ̀ lójúmọ́, kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó lọ ṣàròyé. Ẹ fi í sí déédéé pẹ̀lú aago orí fóònù ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7, kí ẹ kọ iye tó fi yára tàbí tó fi fà sẹ́yìn sínú ìwé, kí ẹ sì kọ bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀ sùn, bóyá ojú rẹ̀ ló wà lókè ni tàbí ẹ̀gbẹ́ ló fi lélẹ̀, torí pé ìdúró aago máa ń yí bó ṣe ń rìn padà.

Bó bá jẹ́ pé ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í yára gan-an, ó ṣeé ṣe kí òòfà ló mú un. Gbohùngbohùn, ìdè báàgì àti ìbòrí tábúlẹ́ẹ̀tì ní òòfà tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e súnmọ́ kọ́ńpáàsì. Bí abẹ́rẹ́ bá ń yí tẹ̀ lé e, ẹ lọ bá ilé ìtajà. Alátúnṣe ní ẹ̀rọ kékeré tó ń yọ òòfà kúrò láàárín ìṣẹ́jú kan, ilé ìtajà tó mọyì oníbàárà rẹ̀ kì í sì gba owó lórí èyí. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ kékeré yìí díwọ̀n wọn.

Bí kì í bá ṣe òòfà, ẹ kọ ìwé ṣókí ránṣẹ́, irú èyí: “Mo ra aago tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí káàdì tí mo so mọ́ ìwé yìí lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì. Láàárín ọjọ́ 7, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 14 yára lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ mi ṣe fi hàn. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fún òòfà. Mo fẹ́ kí ẹ tún un ṣe lábẹ́ wáráńtì, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí màá gbọ́ èsì fún mi.” Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ìhàlẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n nílò sì wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìtajà, lẹ́yìn náà sí ẹ̀ka ìtọ́jú oníbàárà ti iléeṣẹ́ tó ṣe aago náà. Àwọn aṣojú máa ń bẹ̀rù iléeṣẹ́ ju oníbàárà lọ, nítorí iléeṣẹ́ lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Àjọ tó ń dáàbò bo òǹrajà ni ẹ ó lọ bá gbẹ̀yìn, pẹ̀lú ẹ̀dà gbogbo ìwé tí ẹ ti kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Nígbà tí ẹ bá ń fi aago sílẹ̀ fún àtúnṣe, àti nígbà tí ẹ bá ń gbà á

Rolex máa ń dámọ̀ràn pé kí wọ́n tú aago rẹ̀ fọ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, bí ẹni tó ni ín bá ṣe ń lò ó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ láìgba ìwé tó kọ nọ́ńbà rẹ̀, iye oríkèé tó wà lára rẹ̀ àti gbogbo ibi tó ti họ. Ẹ ya fọ́tò tiyín pẹ̀lú, níwájú wọn.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ gàgàrà sórí ìwé yẹn: bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n dán ara rẹ̀ tàbí ẹ kò fẹ́. Ọ̀pọ̀ ibùdó àtúnṣe máa ń fá ara aago títí yóò fi tàn bíi tuntun, wọ́n sì rò pé oore ni wọ́n ṣe. Irin tí wọ́n bá fá kúrò kì í padà. Igun rẹ̀ tó mú tẹ́lẹ̀ á kújú, àwọn tó ń ra aago àtijọ́ á sì dín owó rẹ̀ kù. Bákan náà, ẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n má pààrọ̀ ojú aago tàbí ọwọ́ rẹ̀ láìkọ́kọ́ bi yín, kí wọ́n dá gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ padà fún yín níbi tí ìlànà iléeṣẹ́ bá gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan títí ẹ ó fi rí iye owó rẹ̀ kí ẹ sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n bá pè yín pé ó ti ṣetán, ẹ mú fọ́tò yín dání. Ẹ lọ́ ọ, ẹ yí ọjọ́ rẹ̀, ẹ wo ibi tó họ tẹ́lẹ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ ka oríkèé, ẹ wo abẹ́ dígí rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ bóyá eruku tàbí irun wọ ibẹ̀, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò omi ní kíkọ. Ẹ sì gba ìwé wáráńtì ti àtúnṣe náà, èyí tó jẹ́ ọdún 2 lọ́dọ̀ Rolex, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i kí ẹ tó kúrò nídìí káńtà.